Orúkọ Mọ́kànlélógún

Atẹ́gùn Punta Arenas kì í kí ni, títì ló ń ti ni.
Wọ́n so okùn mọ́ òpó lẹ́bàá títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú kó tó sọdá.
Èmi náà di okùn mú wá síbi iṣẹ́ lálẹ́ òní,
oṣù kẹfà, oòrùn ti wọ̀ láti nǹkan bí agogo márùn-ún.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ mọ́kànlélógún ló tò sínú agbọ̀n,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ọmọńdinrín ọmọdé lọ.
Ibo la ó kọ orúkọ sí, ibo la ó kọ ọjọ́ orí,
ibo la ó kọ àrùn tí à ń wá,
lára ohun tí kò gbà ju èékánná kan lọ?

Ẹ̀rọ tó ń tẹ àmì fún wa ti dákú láti ọjọ́ Ajé.
Don Evaristo ní kí n lo ti ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì:
"Kọ orúkọ sí i, á fún ọ ní àmì."
Mo ní, "Ta ni yóò fún mi? Ta ni yóò kọ́kọ́ kà á?"
Ó gbé ife kọfí rẹ̀, ó lọ.

Àmì ni mo ń wá o, n ò wá amí.
Ìlú kékeré nìyí: bí mo bá sín lókè,
wọ́n á ti máa kí mi pẹ̀lẹ́ létí òkun.
Nahuel tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe,
ẹnìkan ṣoṣo ló rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, lẹ́ẹ̀kan péré.
Kí oṣù tó parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a pín igbá maté mọ́.
Wọ́n ní ẹyin lohùn. Orúkọ náà, ẹyin ni.

Mo wá rí ojú ìwé kan tó ní inú kọ̀ǹpútà mi lòun ti ń ṣiṣẹ́,
pé òun kì í ru ẹrù ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.
Ẹnu dùn-ún ròfọ́.
Mo jẹ́ kó ṣí tán, mo fa wáyà yọ lára ògiri,
mo wo iná kékeré aláwọ̀ ewé náà títí ó fi kú.
Mo kọ orúkọ kìíní.

Ó yà á.
Kò yà sílé ẹnikẹ́ni kó tó yà á.
Onígun mẹ́rin bíńtín, dúdú lára funfun,
àfi bí ìgbà tí eṣinṣin ṣu sára aṣọ àlà;
ẹ̀gbẹ́ méjì dúró gbọnyin bí odi,
méjì yòókù là lálà bí eyín ọmọ ọdún méje.
Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Ògiri tèmi lanu, ẹnu rẹ̀ ò lóǹkà.
Kì í ṣe àgádágodo, mo mọ̀;
ẹni tó bá gbé fóònù sí i á kà á.
Ṣùgbọ́n olúwarẹ̀ á kọ́kọ́ wá bá mi níbí,
á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á na ọwọ́ níṣojú mi.

Àmì ìgò kẹtàlá ya ní igun kan.
Mo gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ pupa, ẹ̀rọ kà á síbẹ̀síbẹ̀:
ohun tó sọnù, ìyókù ti mọ̀ ọ́n sórí,
bí ilé tí bàbá ti kú,
tí wọ́n ṣì ń pe àga rẹ̀ ní àga bàbá.

Ó wá ku ẹyọ kan.
Láàárọ̀ ni Ximena fa ẹ̀jẹ̀ náà lápá mi.
Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ.
Mo tẹ̀ ẹ́: Rosalba Oyarzún Barría,
ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.
Mo wo àmì tó jáde, mo wá ojú ara mi níbẹ̀ títí.
Eyín wíwó kan náà, odi kan náà
bíi ti Nahuel, bíi ti ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Mo pa ojú ìwé náà dé;
kò bi mí bóyá kí òun bá mi tọ́jú nǹkan kan.
Níta, atẹ́gùn ń mi fèrèsé jìgìjìgì, ó ń béèrè.
N ò dá a lóhùn.
Agogo mẹ́fà ku díẹ̀ kí n tó dá wáyà padà sára ògiri.